Orí Kẹta: Ìràwọ̀ Tí Kì Í Ṣẹ́jú

Àwọn àgbà ní, "Àgùàlà ń bá òṣù rìn, wọ́n ṣe bí ajá rẹ̀ ni." Ẹni tó kọ́kọ́ pa òwe yìí ti wo ojú ọ̀run dáadáa. Ó ti rí i pé ìmọ́lẹ̀ ńlá kan máa ń wà nítòsí òṣùpá tuntun lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀. Ó sì ti ṣọ́ ọ di ọjọ́ kejì àti ọjọ́ kẹta kó tó mọ̀ pé kò tẹ̀lé òṣùpá rárá: òṣùpá ti gòkè lọ, Àgùàlà ṣì wà níbi tó wà lánàá. Wíwà tí wọ́n jọ wà lójú kan kò sọ wọ́n di ará ilé kan náà. Òṣùpá fi nǹkan bí 384,000 kìlómítà jìnnà sí wa. Àgùàlà ní tirẹ̀, nígbà tó bá sún mọ́ ayé jù lọ pàápàá, fi nǹkan bí ìlọ́po ọgọ́rùn-ún jìnnà ju òṣùpá lọ.

Pílánẹ́ẹ̀tì ni Àgùàlà, bí ayé tí a ń gbé yìí ṣe jẹ́ pílánẹ́ẹ̀tì. Ìràwọ̀ a máa tan ìmọ́lẹ̀ ara rẹ̀, bí oòrùn ṣe ń ṣe. Pílánẹ́ẹ̀tì kò ní ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn tó bà lé e ni a fi ń rí i. Márùn-ún ni ojú lásán lè rí láìsí wàhálà: Àgùàlà tí àwọn òyìnbó ń pè ní Venus, Júpítà, Máàsì, Sátọ̀ọ̀nù àti Mẹ́kúrì. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún ni ọmọ ènìyàn ti fi wo márààrún kí ẹnikẹ́ni tó ṣe awò awọ̀nàjíjìn.

Ẹni tí kò tíì dá ọ̀kan ṣoṣo mọ̀ nínú wọn rí ni mo kọ orí yìí fún. Ohun tí mo fẹ́ kó yé irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò pọ̀: a kì í fi ìwò ẹ̀ẹ̀kan dá pílánẹ́ẹ̀tì mọ̀. Ohun mẹ́ta la fi ń dá a mọ̀, àwọn náà ni ibi tó wà lójú ọ̀run, bó ń ṣẹ́jú tàbí kò ṣẹ́jú, àti ibi tó wà ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Kò sí èyí tó ń béèrè owó nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹni tó sì ń gbé ní Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́, Ìdó tàbí àwọn abúlé tó yí wọn ká ní àǹfààní tí ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù kò ní.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí ẹ kọjú sí

Àwọn ìlú àríwá Èkìtì tò lọ́nà tó dẹrùn fún ẹni tó fẹ́ wo ọ̀run. Bí ẹ bá gbéra ní Òmùò, tí ẹ gba Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́, Ìfàkì àti Ìdó, tí ẹ wá yọ sí Ìjerò, ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ rìn tààrà láti ìlà oòrùn dé ìwọ̀ oòrùn. Ará Ìkọ̀lé tó bá kọjú sí apá Ọ̀yẹ́ ti kọjú sí ìwọ̀ oòrùn. Ará Ọ̀yẹ́ á kọjú sí apá Ìfàkì, ará Ìdó á kọjú sí apá Ìjerò. Apá Òmùò ni ìlà oòrùn gbogbo wọn. Ní Ìdó, apá Òtùn ni àríwá, apá Adó sì ni gúúsù.

Oòrùn kì í wọ̀ sí ojú kan náà yí ọdún ká. Bí ẹ bá kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, ẹ ó rí i pé ó ń wọ̀ sí apá ọ̀tún yín ní Oṣù Kẹfà, ó sì ń wọ̀ sí apá òsì ní Oṣù Kejìlá. Àkókò tó ń wọ̀ náà ń yí padà. Ní Ìkọ̀lé, ó máa ń wọ̀ ní nǹkan bí aago 6:15 ìrọ̀lẹ́ nínú Oṣù Kọkànlá, ó sì máa ń tó nǹkan bí aago 7:00 nínú Oṣù Keje. Lẹ́yìn náà ilẹ̀ á yára ṣú, torí pé lọ́dọ̀ wa oòrùn fẹ́rẹ̀ẹ́ já wálẹ̀ gbọọrọ ni, kì í fi ẹ̀gbẹ́ rìn kó tó wọ̀. Kó tó pé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, àwọn ìmọ́lẹ̀ tó tóbi ti yọjú. Nígbà tí yóò bá fi tó wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, òkùnkùn ti kúnlẹ̀ pátápátá. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ilẹ̀ kì í ṣú tán láti òru dé àfẹ̀mọ́júmọ́ nínú Oṣù Kẹfà.

Ibi tí ẹ ó dúró sí ṣe pàtàkì. Òkè pọ̀ ní Èkìtì, igi ńláńlá sì pọ̀. Ẹ wá ibi tí ìwọ̀ oòrùn ti ṣí sílẹ̀: pápá ilé-ìwé, gbàgede ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, orí ilé alájà, tàbí àgbàlá Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́ ní 2011, tó ní ọgbà kejì ní Ìkọ̀lé. Ẹ jẹ́ kí oòrùn wọ̀ tán kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi awò kankan wo apá ibi tí oòrùn wà nígbà tí kò tíì wọ̀, nítorí ó lè fọ́ ojú ẹni títí láé.

Ọwọ́ yín ni ìdiwọ̀n

Àwọn onímọ̀ pín àyíká ọ̀run sí 360 dígírì. Láti ilẹ̀ dé àárín orí yín jẹ́ 90. Ẹ na apá tán, kí ẹ di ẹ̀ṣẹ́: ìbú ẹ̀ṣẹ́ náà gba nǹkan bí dígírì 10 lójú ọ̀run. Ìbú ìka kékeré gba nǹkan bí dígírì kan. Ọmọdé tí ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ kéré ní apá kúkúrú, nítorí náà ìdiwọ̀n yìí ń bá àgbà mu, ó sì ń bá èwe mu.

Láti òní lọ, ẹ má ṣe sọ pé ìràwọ̀ kan "wà lókè níbẹ̀ yẹn". Ẹ sọ pé ó fi ẹ̀ṣẹ́ mẹ́ta ga sókè ní ìwọ̀ oòrùn. Ẹni tí ẹ bá sọ bẹ́ẹ̀ fún lórí fóònù ní Ayédé tàbí Ùsì á rí ohun kan náà tí ẹ rí.

Ọ̀nà kan ni gbogbo wọn ń tọ̀

Bí ọkọ̀ tó ń lọ láti Òmùò sí Ìfàkì kì í ṣe gba inú igbó, bẹ́ẹ̀ ni pílánẹ́ẹ̀tì kì í rìn káàkiri ojú ọ̀run. Ọ̀nà tóóró kan wà tí oòrùn ń gbà, òun náà ni òṣùpá àti gbogbo pílánẹ́ẹ̀tì ń gbà. Ìdí rẹ̀ ni pé láti ara àwo kan ṣoṣo tó tẹ́ pẹrẹsẹ, tí gáàsì àti eruku kóra jọ sí, ni oòrùn àti àwọn pílánẹ́ẹ̀tì ti jáde ní nǹkan bí bílíọ̀nù 4.6 ọdún sẹ́yìn. Títí di òní, wọ́n ṣì ń yí oòrùn po lórí pẹrẹsẹ kan náà. Àwa náà wà lórí pẹrẹsẹ ọ̀hún, ìdí nìyẹn tí a fi ń rí wọn ní ìlà kan.

Bí ẹ bá fẹ́ rí ọ̀nà yìí lálẹ́, ẹ wo ibi tí oòrùn wọ̀ sí. Bí òṣùpá bá wà lójú ọ̀run, ẹ fi ọkàn fa ìlà láti ibẹ̀ lọ sọ́dọ̀ òṣùpá, kí ẹ wá fà á kọjá títí dé ìlà oòrùn. Ìmọ́lẹ̀ ńlá tó bá wà lórí ìlà náà tàbí nítòsí rẹ̀ lè jẹ́ pílánẹ́ẹ̀tì. Èyí tó bá jìnnà sí i kò lè jẹ́ ọ̀kan.

Níbí ni ibi tí a ti wà láyé ti ń ràn wá lọ́wọ́. Àríwá Èkìtì kò ju nǹkan bí dígírì mẹ́jọ lọ sí ìlà tó pín ayé sí méjì. Nítorí náà, ọ̀nà àwọn pílánẹ́ẹ̀tì máa ń kọjá lókè orí wa tàbí nítòsí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìwé tí wọ́n kọ ní Yúróòpù ń sọ fún òǹkàwé pé kó kọjú sí gúúsù. Ìmọ̀ràn ilẹ̀ tiwọn nìyẹn. Ní Oṣù Kìíní 2026, nígbà tí Júpítà dé góńgó rẹ̀ láàárín òru, apá àríwá orí wa ló gbà kọjá. Ẹni tó wà ní Ìdó tó tẹ̀lé ìwé Yúróòpù á kọ ẹ̀yìn sí ohun tó ń wá.

Òfin kan jáde láti inú èyí, ó sì wúlò púpọ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ kan bá wà ní gúúsù gan-an tàbí àríwá gan-an, tí gíga rẹ̀ láti ilẹ̀ kò tó ẹ̀ṣẹ́ márùn-ún, ìràwọ̀ ni, bó ti wù kó mọ́lẹ̀ tó. Canopus, ìràwọ̀ kejì tó mọ́lẹ̀ jù lójú ọ̀run, máa ń wà ní gúúsù wa ní alẹ́ Oṣù Kejì, ó sì ti tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Kò ga ju ẹ̀ṣẹ́ mẹ́ta lọ.

Ẹ wò ó, ṣé ó ń ṣẹ́jú?

Afẹ́fẹ́ tó bo ayé kò dúró jẹ́ẹ́. Èyí tó gbóná ń lọ sókè, èyí tó tutù ń sọ̀ kalẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tó bá sì ń gba àárín wọn kọjá á máa tẹ̀ síbí, á máa tẹ̀ sọ́hùn-ún. Ìràwọ̀ jìnnà débi pé ojú kan ṣoṣo, tó kéré ju ohun gbogbo tí ojú lè wọ̀n, ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti ń bọ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá tì í, gbogbo rẹ̀ ló máa mì. Ohun tí a ń pè ní ṣíṣẹ́jú nìyẹn. Pílánẹ́ẹ̀tì sún mọ́ wa ju ìràwọ̀ lọ fíìfíì, ó sì ní ìbú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú lásán kò lè rí ìbú náà. Ìmọ́lẹ̀ ń bọ̀ láti oríṣiríṣi ibi lára rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá mi apá kan, apá kejì á dí i, nítorí náà ló ṣe máa ń tàn láìmì.

Ẹ má fi ọ̀rọ̀ yìí nìkan ṣe ìdájọ́. Ohun tó bá wà nísàlẹ̀ ọ̀run, tí kò tó ẹ̀ṣẹ́ méjì láti ilẹ̀, ń ti inú afẹ́fẹ́ tó nípọn kọjá, pílánẹ́ẹ̀tì pàápàá lè ṣẹ́jú níbẹ̀. Ẹ dúró kó gòkè, tàbí kí ẹ fi í wé ìràwọ̀ mìíràn tó wà ní gíga kan náà.

Márààrún, ọ̀kọ̀ọ̀kan

Àgùàlà. Yàtọ̀ sí oòrùn àti òṣùpá, kò sí ohun tó ń wà lójú ọ̀run lójoojúmọ́ tó mọ́lẹ̀ tó o. Funfun ni, ó sì lágbára débi pé ó máa ń yọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìkùukùu tó nípọn ló bò ó láti orí dé ìdí, ìkùukùu náà sì ń dá nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ oòrùn padà. Lábẹ́ ẹwà yẹn, ooru ilẹ̀ rẹ̀ tó 460 dígírì.

Àgùàlà sún mọ́ oòrùn jù wá lọ, nítorí náà kì í jìnnà sí oòrùn lójú wa ju dígírì 47 lọ, ìyẹn ẹ̀ṣẹ́ mẹ́rin àti ààbọ̀ tàbí díẹ̀ sí i. Ìwọ̀ oòrùn nìkan ni a ti ń rí i nírọ̀lẹ́. Kì í pẹ́ púpọ̀ ju wákàtí mẹ́ta lọ lẹ́yìn oòrùn kí òun náà tó wọ̀. Bí aago bá ti kọjá 11 alẹ́ ní Ọ̀yẹ́, ohun tí ẹ ń wò, bó ti wù kó dán tó, kì í ṣe Àgùàlà. Òun kan náà ni ìràwọ̀ òwúrọ̀ tí àwọn tó ń tètè jí lọ sóko ń rí ní apá Òmùò. Ó máa ń lo nǹkan bí oṣù mẹ́jọ nírọ̀lẹ́, á pòórá fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, á lo nǹkan bí oṣù mẹ́jọ lówùúrọ̀, á sì tún fara pa mọ́ sẹ́yìn oòrùn fún nǹkan bí oṣù méjì. Ọjọ́ 584 ni gbogbo rẹ̀. Márùn-ún irú ìyípo bẹ́ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ọdún mẹ́jọ mu rẹ́gí. Nítorí náà, bí ẹ ṣe rí Àgùàlà ní Oṣù Kẹjọ 2018, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ ó rí i ní Oṣù Kẹjọ 2026 àti ní 2034.

Júpítà. Òun ló tẹ̀lé Àgùàlà ní mímọ́lẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Funfun rẹ̀ pọ́n díẹ̀ bíi wàrà, kì í sì í mì. Ó jìnnà sí oòrùn jù wá lọ, nítorí náà ó lè wà níbikíbi lórí ọ̀nà náà: ní ìlà oòrùn nírọ̀lẹ́, ní àárín orí lóru, tàbí ní ìwọ̀ oòrùn kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìmọ́lẹ̀ ńlá tó dúró ṣinṣin lókè orí yín ní aago 12 òru, ó ṣeé ṣe púpọ̀ kó jẹ́ òun. Ọdún 12 ló fi ń yí oòrùn po lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà lọ́dọọdún ó máa ń kúrò láàárín àwọn ìràwọ̀ kan bọ́ sáàárín àwọn tó kàn. Ní 7 Oṣù Kìíní 1610, Galileo gbé awò rẹ̀ sí i ní Ítálì, ó sì rí àwọn ìràwọ̀ wẹ́wẹ́ nítòsí rẹ̀. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó ti mọ̀ pé òṣùpá mẹ́rin ni, tó ń yí Júpítà po. Awò olójú méjì tí ẹ bá gbé lé orí ògiri kó má baà mì lè fi wọ́n hàn yín ní Ìkọ̀lé.

Máàsì. Ẹ ó fi àwọ̀ rẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ó pọ́n bí ọsàn tó ti pọ́n lórí igi. Ìrè-Èkìtì, ìlú Ògún Oníìrè, wà ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọ̀yẹ́; ẹni tó bá rìn lórí ilẹ̀ pupa agbègbè yẹn ti tẹ ohun tó sọ Máàsì di pupa. Irin tó ti dípẹtà ló wà nínú ilẹ̀ méjèèjì. Máàsì kì í mọ́lẹ̀ bákan náà ní gbogbo ìgbà. Ní nǹkan bí oṣù 26 síra, ayé máa ń bá a, wọ́n á súnmọ́ra, á sì tàn yòò fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn náà á ṣá, títí tí yóò fi dà bí ìràwọ̀ lásán. Ẹni tó bá rí i ní ọdún kan tí kò rí i kó tàn ní ọdún kejì kò ṣìnà. Ìwà rẹ̀ nìyẹn.

Sátọ̀ọ̀nù. Kì í dán yanran. Ó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, ó tutù lójú, ó sì mọ́lẹ̀ bí àwọn ìràwọ̀ tó tóbi. Dídúró rẹ̀ láìṣẹ́jú àti wíwà rẹ̀ lórí ọ̀nà ni ẹ ó fi mú un. Ọdún 29 àti ààbọ̀ ló fi ń yí oòrùn po, nítorí náà ẹni tó bá bí ọmọ nígbà tó wà láàárín àwọn ìràwọ̀ kan, ọmọ náà á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọgbọ̀n ọdún kó tó padà síbẹ̀. Ojú lásán kò lè rí òrùka rẹ̀, àfi awò awọ̀nàjíjìn.

Mẹ́kúrì. Òun ló ṣòro jù. Kì í jìnnà sí oòrùn tó ẹ̀ṣẹ́ mẹ́ta, kì í sì í dúró kí òkùnkùn kúnlẹ̀. Ẹ wá a nísàlẹ̀ ìwọ̀ oòrùn, láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀, láàárín àwọn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tó máa ń yọjú nírọ̀lẹ́. Níbí ni a ti ju Lọ́ńdọ̀nù lọ. Ọ̀nà àwọn pílánẹ́ẹ̀tì dúró gbọọrọ lọ́dọ̀ wa, nítorí náà Mẹ́kúrì máa ń ga sókè lórí ibi tí oòrùn wọ̀ sí. Lọ́dọ̀ tiwọn, ọ̀nà náà a máa dẹ̀gbẹ́ ní apá kan ọdún, ilé àti igi á sì bò ó.

Àwọn tó ń tan ni jẹ

Sirius ni ìràwọ̀ tó mọ́lẹ̀ jù lọ. Ní alẹ́ Oṣù Kìíní, ẹ ó rí ìràwọ̀ mẹ́ta tó tò gbọọrọ nítòsí àárín orí yín. Ẹ tẹ̀lé ìlà wọn lọ sí apá gúúsù ìlà oòrùn, ẹ ó bá Sirius níbẹ̀, tó ń ṣẹ́jú kíkankíkan, tó ń yọ pupa, búlúù àti àwọ̀ ewé nígbà tó bá wà nísàlẹ̀. Ṣíṣẹ́jú yẹn ti jẹ́rìí sí i pé kì í ṣe pílánẹ́ẹ̀tì. Betelgeuse, tó wà nítòsí àwọn mẹ́ta náà, àti Antares, tó ń wà lókè nírọ̀lẹ́ Oṣù Keje, pọ́n bíi Máàsì. Wọ́n ń ṣẹ́jú, wọn kì í sì í kúrò láàárín àwọn ìràwọ̀ tó yí wọn ká láti ọdún dé ọdún.

Ọkọ̀ òfúrufú máa ń tan iná tó ń kú tó ń jí. Sátẹ́láìtì kì í ṣẹ́jú, ṣùgbọ́n ó ń rìn. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan ó ti kọjá lọ. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń fi sátẹ́láìtì Starlink ránṣẹ́ lọ́pọ̀lọpọ̀, àwọn ènìyàn ti ń rí ìmọ́lẹ̀ tó tò bí ìlẹ̀kẹ̀ tó ń sáré kọjá. Kò sí ìbẹ̀rù níbẹ̀.

Ìròyìn kan tún wà tó máa ń yí ká lórí WhatsApp nínú Oṣù Kẹjọ, pé Máàsì yóò tóbi bí òṣùpá. Ohun tó fa ìròyìn náà ṣẹlẹ̀ lóòótọ́: ní 27 Oṣù Kẹjọ 2003, Máàsì sún mọ́ wa tó nǹkan bí mílíọ̀nù 56 kìlómítà, èyí tí kò tíì ṣẹlẹ̀ rí láti nǹkan bí 60,000 ọdún. Síbẹ̀, lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an, ìbú rẹ̀ lójú wa kò tó ìdá kan nínú àádọ́ta ìbú òṣùpá. Ẹ má ṣe fi ìròyìn yẹn ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn mọ́.

Ìgbà ọyẹ́ àti ìgbà òjò

Ní ìgbà ọyẹ́, láti Oṣù Kejìlá dé Oṣù Kejì, kò sí ìkùukùu púpọ̀, ṣùgbọ́n eruku tó ń fẹ́ wá láti aṣálẹ̀ Sàhárà á bo ìsàlẹ̀ ọ̀run. Ohun tó bá wà nísàlẹ̀ á ṣókùnkùn, á sì pọ́n ju bó ṣe yẹ lọ. Nígbà yẹn, ẹ wo òkè orí, ẹ má fi àwọ̀ ohun tó wà nísàlẹ̀ ṣe ẹ̀rí. Òjò àkọ́rọ̀ á fọ eruku náà dànù. Nínú Oṣù Kẹfà dé Oṣù Kẹsàn-án, ìkùukùu lè gba ọ̀sẹ̀ kan mọ́ yín lọ́wọ́, ṣùgbọ́n alẹ́ tó bá là lẹ́yìn òjò ńlá máa ń mọ́ gaara. Láti ìgbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀ títí di ìgbà tí ọyẹ́ máa dé ni ọ̀run wa dára jù lọ.

Ohun tó ń bọ̀ lọ́nà

Ní 2026, Àgùàlà ti ń gòkè nírọ̀lẹ́ láti Oṣù Kẹta. Ní 9 Oṣù Kẹfà, òun àti Júpítà á súnmọ́ra ní ìwọ̀ oòrùn débi pé ìbú ìka kékeré méjì á bo àlàfo wọn. Èyí tó mọ́lẹ̀ jù ni Àgùàlà. Ní àárín oṣù náà, Mẹ́kúrì á wà nísàlẹ̀ wọn. Ìgbà òjò ni, nítorí náà ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó láti ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú. Ní 15 Oṣù Kẹjọ, Àgùàlà á dé ibi tó jìnnà jù sí oòrùn, á sì túbọ̀ mọ́lẹ̀ wọ Oṣù Kẹsàn-án. Nígbà tí yóò bá fi di 24 Oṣù Kẹwàá, ó ti gba àárín àwa àti oòrùn kọjá, òwúrọ̀ ló máa kù tí a ó ti rí i.

Ní 4 Oṣù Kẹwàá 2026, Sátọ̀ọ̀nù á dojú kọ oòrùn: bí oòrùn bá ń wọ̀ ní apá Ìjerò, yóò máa yọ ní apá Òmùò. Ní Oṣù Kejì 2027, Júpítà á ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ 10, Máàsì ní ọjọ́ 19, àwọn méjèèjì á sì wà nítòsí ara wọn. Kò sí ìgbà tó dára ju ìyẹn lọ láti fi funfun Júpítà wé pípọ́n Máàsì. Àgùàlà á padà sí ìrọ̀lẹ́ ní ìparí 2027, á sì wà níbẹ̀ títí wọ Oṣù Karùn-ún 2028.

Iṣẹ́ oṣù kan

Ẹ ra ìwé kékeré kan. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ tí òṣùpá tuntun bá kọ́kọ́ yọ. Àwọn Mùsùlùmí tó ń wá oṣù ààwẹ̀ ti mọ ibi tó ń yọ sí, orí ọ̀nà kan náà ni. Ẹ pa iná ìta, kí ẹ fún ojú yín ní ogún ìṣẹ́jú kó mọ òkùnkùn lára. Ẹ ya ohun tí ẹ rí: ilẹ̀, igi tàbí ilé tí ẹ fi ṣe àmì, òṣùpá, àti àwọn ìmọ́lẹ̀ tó tóbi. Ẹ kọ ọjọ́, aago, apá ìlú tó wà, iye ẹ̀ṣẹ́ tó fi ga, àwọ̀ rẹ̀, àti bó ń ṣẹ́jú.

Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ lálẹ́ tó bá là, ní aago kan náà. Òṣùpá máa ń sún sí ìlà oòrùn tó nǹkan bí dígírì 13 lójúmọ́, nítorí náà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì á ti kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo pílánẹ́ẹ̀tì tó wà lójú ọ̀run nírọ̀lẹ́. Lóṣooṣù ló ń ṣe é. Èyí tó bá sún kúrò nítòsí ìràwọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láàárín oṣù kan ti fi ara rẹ̀ hàn: ìràwọ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Stellarium wà lórí fóònù fún ẹni tó bá fẹ́. Ẹ kọ ìdáhùn tiyín sílẹ̀ kí ẹ tó ṣí i, ẹ jẹ́ kí fóònù jẹ́rìí sí ohun tí ojú yín ti rí.

Mo ń bẹ àwọn olùkọ́ tó wà ní Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́ àti Ìdó pé kí wọ́n fi èyí ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè ṣe é. Yóò kọ́ ìwọ̀n, ìlà, ọjọ́ àti sùúrù nínú rẹ̀, yóò sì mọ̀ pé ohun tí wọ́n ń ka nínú ìwé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ lókè òrùlé bàbá òun. Àwọn tó bá fẹ́ tẹ̀ síwájú kò ní láti kọjá ilẹ̀ Yorùbá: nínú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ni ibùdó ẹ̀kọ́ nípa òfúrufú tí wọ́n dá sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà wà.

Nígbà tí ìwé yín bá kún dé ojú ewé mẹ́wàá, tí ẹ lè tọ́ka sí pílánẹ́ẹ̀tì méjì láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ó tó àkókò kí ẹ ronú nípa awò olójú méjì. Bí a ṣe ń yan èyí tó dára, iye tí ẹ̀rọ rẹ̀ fi ń sọ nǹkan di ńlá, àti bí a ṣe ń dì í mú kí òṣùpá Júpítà má baà gbọ̀n lójú ẹni, òun ni orí tó kàn máa sọ.